Ẹ Má Pè É Ní Àmúwá Ọlọ́run Mọ́

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di aṣọ tí a fi ń bo òkú ní ilẹ̀ wa. Bí ọmọ iṣẹ́ bá já bọ́ láti orí ilé tí a ń kọ́ ní Kútọnu, bí ilẹ̀ bá ya lu ẹni tí ń gbẹ́ kànga ní Kétu, bí ọ̀pá irin bá kan wáyà iná lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé e gòkè ní Àjàṣẹ́, gbólóhùn náà ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, kí a tó gbọ́ orúkọ ẹni tí ó farapa pàápàá: «Àmúwá Ọlọ́run ni.» A ó mi orí, a ó dá owó díẹ̀ jọ fún ìyá rẹ̀, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ kẹta. Mo wá sọ ọ́ lónìí, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, pé irọ́ ni gbólóhùn náà. Kì í ṣe pé n kò gba Ọlọ́run gbọ́. Nítorí pé mo gbà á gbọ́ ni n kò ṣe fẹ́ kí a máa fi orúkọ rẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ ara wa mọ́lẹ̀.

N kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹlòmíràn wí kí n tó jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀yìn ìlú Àjàṣẹ́. Ọ̀gá mọlémọlé tí mo gbé iṣẹ́ fún kọ ohun tí a ó rà sínú ìwé fún mi: sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, irin. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ó kọ pákó, ọ̀pá igi àti okùn tí wọn yóò fi ṣe pẹpẹ tí àwọn ọmọ yóò máa dúró lé lókè, ó sì kọ 65,000 sẹ́fà sí iwájú rẹ̀. Mo fi gègé fa ìlà gba orí rẹ̀. Mo ní: «Ọ̀gá, ṣé ilé méjì ni ẹ fẹ́ kọ́ fún mi ni? Àwọn pákó àlòkù yín ńkọ́?» Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, àwọn yóò dá ọgbọ́n sí i. Nínú oṣù kan náà ni mo san 240,000 sẹ́fà fún ìlẹ̀kùn irin tí a ya ẹyẹ méjì sí lára, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kọjá mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni ó ni ilé náà.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pákó kan ṣoṣo tí wọ́n gbé láti ojú fèrèsé dé orí ọ̀pá ọparun kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, pákó náà kán. Ọmọ tí ó wà lórí rẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Sílípáàsì ni ó wọ̀ sẹ́sẹ̀, aṣọ àlòkù ni ó fi wé orí. Kò kú. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kán, láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì ti gbé e mọ́.

Mo san owó ilé ìwòsàn, kò sì pẹ́ tí owó náà fi ju owó pákó lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo gbé àpò ìrẹsì lọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ará àdúgbò ní onínúure ènìyàn ni mí. Kò sí ẹnìkan tí ó bi mí léèrè nípa ìlà tí mo fà nínú ìwé. Àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n ní. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run kò fa ìlà kankan nínú ìwé náà. Èmi ni mo fà á.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àwáwí wa wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ti kádàrá: ẹni tí yóò já bọ́ yóò já bọ́, ìbáà jókòó sílẹ̀. Ta ni ó kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ báyìí? Kì í ṣe àwọn baba wa. Ẹ lọ sí oko ọ̀pẹ ní Pọ̀bẹ́, ní Ìtakété tàbí ní ọ̀nà Kétu, kí ẹ wo ẹni tí ń gun ọ̀pẹ. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀, yóò yẹ igbà rẹ̀ wò láti ìkángun kan dé èkejì. Yóò fà á, yóò fi ara tì í, yóò wò ó bóyá oòrùn tàbí òjò ti bà á jẹ́. Igbà tí ó bá fura sí, yóò jù ú nù, bí òwò ọjọ́ náà tilẹ̀ fẹ́ bàjẹ́. Ẹni yìí ń gbàdúrà bí àwa náà ti ń gbà á. Ó gbà pé òun ní orí, ó gbà pé òun ní kádàrá. Síbẹ̀, ẹ kò lè rí ẹnìkan nínú wọn tí ó fi àdúrà ṣe igbà. Okùn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń so mọ́ ìbàdí àti èjìká òṣìṣẹ́ tí ó bá gun òkè, ọmọ ìyá igbà ni. A ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí a tó mọ sìmẹ́ńtì. Àwa tí a gun ilé kọnkéré láìní igbà kan ni a fi ọgbọ́n baba wa sílẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ń béèrè okùn.

Àwọn mìíràn a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Ògún ni ó gba ìpín tirẹ̀, pé ilẹ̀ tí a kò bọ dáadáa ni ó bínú. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni èyí jẹ́ sí àwọn tí ń bọ Ògún ní tòótọ́. Ajá ni a fi ń bọ Ògún. Ta ni ó sọ fún yín pé ọmọ ènìyàn ni ó béèrè? Àgbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi irin gbígbóná ṣeré, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ kékeré kọjá lẹ́yìn òòlù tí a gbé sókè. Ìfarabalẹ̀ náà gan-an jẹ́ apá kan nínú ìbọ̀wọ̀ fún Ògún. Ẹni tí ó bọ ìpìlẹ̀ ilé pẹ̀lú ajá àti epo, tí ó wá fi pákó tí ó ti jẹrà gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè, òun fúnra rẹ̀ ni ó yan ẹbọ kejì.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹni tí ó bá já láti mítà 6, èyí tí kò ju gíga òrùlé ilé alájà kan lọ, yóò kanlẹ̀ kí a tó ka ení dé èjì, eré tí yóò sì fi kanlẹ̀ súnmọ́ kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ta ni nínú wa tí yóò dúró kí alùpùpù gbá òun ní irú eré bẹ́ẹ̀? Yanrìn tí ó kún inú kòtò kan tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó gùn ní mítà 1, tí ó sì jìn ní mítà 1, wúwo ju kìlógíráàmù 1,500 lọ. Bí òjò bá rin ín, ó tún wúwo sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó wọ inú kànga tàbí kòtò ṣálángá ní ilẹ̀ yanrìn etí ọ̀sà, láìsí igi tàbí òrùka kọnkéré tí ó ti ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, ìwúwo mọ́tò kan ni ó ń dúró dè é lókè orí. Òrùlé kọnkéré tí a dà lónìí, ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, nítorí pé ó fẹ́ lọ lò wọ́n níbòmíràn, ikú ni ó ń yá lówó. Sìmẹ́ńtì tútù ń jó awọ ẹsẹ̀ bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú ti ń jó o. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni a lè mọ̀ ṣáájú. Ohun tí a lè mọ̀ ṣáájú, tí a sì ní agbára láti dènà, kò yẹ ní pípè ní àmúwá ẹnikẹ́ni.

Àwáwí kejì ni pé owó kò sí. Ẹ kíyè sí ẹni tí ń sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, kì í sì í ṣe ìyá rẹ̀. Àwa ni: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń kọ́ ilé ìfẹ̀yìntì, oníṣòwò tí ń kọ́ ilé ayálégbé, ọmọ wa tí ń fi owó ránṣẹ́ láti Paris tàbí Libreville kí ilé lè dìde ní Sábẹ̀ẹ́ kí ó tó wálé ní Kérésìmesì. Owó wà fún àwo ilẹ̀ tí ń dán. Owó wà fún màlúù ọjọ́ ìṣílé, fún aṣọ ẹgbẹ́, fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí ni ohun tí ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ lókè nílò? Pẹpẹ tí ó ní pákó líle mẹ́ta tí a tò mọ́ ara wọn, ọ̀pá ìdábùú kan ní ọ̀gangan ìbàdí tí kò ní jẹ́ kí ó já, àkàbà tí a so lókè àti nísàlẹ̀, akoto, ìbọ̀wọ́, àti bàtà tí ìṣó kò lè gún. Igi àti pákó wọ̀nyí kì í tán bí sìmẹ́ńtì. Bí a bá tọ́jú wọn, wọn yóò kọ́ ilé púpọ̀.

Mo wá ní ìbéèrè kan fún ẹgbẹ́ tiwa náà. A ní àga àti àtíbàbà tí a ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìsìnkú. Kí ló dé tí a kò ní pákó, ọ̀pá irin àti akoto tí a lè yá wọn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ́lé? Ṣé òkú nìkan ni a mọ̀ ọ́n tọ́jú ni?

Àwáwí kẹta ni èyí tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa: pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni òfin ààbò wà fún, kì í ṣe mọlémọlé àdúgbò. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òfin. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin, nọ́ńbà 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, pa á láṣẹ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún un. Àwọn ará wa ní Togo ní òfin iṣẹ́ tuntun láti ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2021. Àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, OIT, ti ṣe àdéhùn nọ́ńbà 167 ní ọdún 1988 fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ nìkan, ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ó sì ka ibi iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ayé. CNSS wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì láti tọ́jú ẹni tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi ọ̀gá tí ń kọ́ ilé yín léèrè bóyá orúkọ ọmọ kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ sọ pé kò sí òfin kankan nínú ìwé. Nígbà tí bàbá kan bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ó gbé ọtí àti obì sílẹ̀, kí ni ó ń sọ? Ó ń sọ pé: «Ọmọ yín nìyí.» Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ní àṣẹ láti rán an níṣẹ́, láti bá a wí, láti jí i ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Irú àṣẹ wo ni èyí tí kò ní ojúṣe nínú? Ọjọ́ kan náà ni a ń dúró dè, ọjọ́ ìgbòmìnira tí a ń pè ní libération, tí a ó da àtíkè sí ọmọ náà lára, tí ìyá rẹ̀ yóò jó. Ọ̀gá tí ó gba ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni ó jẹ gbèsè rẹ̀ fún ìyá náà. Àdéhùn yìí ti wà kí OIT tó wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo mọ èsì tí àwọn ọ̀gá yóò fọ̀ fún mi, ó sì yẹ kí n gbọ́ ọ. Wọn yóò ní: «A ra akoto fún wọn, wọ́n ní ó ń gbóná, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.» Òtítọ́ ni. Oòrùn wa kì í ṣe ti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ní kí wọ́n dé akoto, ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ dé e bí? Ẹ rántí akoto alùpùpù. A sọ pé ó ń gbóná, pé ó ń ba irun jẹ́, pé zémidjan kò lè gbọ́ ohùn oníbàárà. Lónìí, ẹ dúró ní oríta kan ní Kútọnu kí ẹ ka iye àwọn tí ó dé e. Oòrùn kò tíì tutù. Àwa ni a yí padà, nítorí pé ìjọba dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ojú sì ti mọ́ ọn lára. Ohun tí ojú mọ́ lára ni a ń pè ní àṣà.

Èyí tí ó burú jù lọ nínú ọ̀ràn wa kò sí nínú pákó tàbí nínú akoto. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ náà nílé, ní oṣù kẹrin, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó kí mi dáadáa. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: «Bàbá, ẹ má bínú o. Láti àná ọjọ́ náà ni mo ti gbọ́ tí pákó yẹn ń dún. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá?»

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Ó mọ̀ pé pákó yóò kán, ó sì gun un, nítorí pé a ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ tí ó bá sọ pé iṣẹ́ léwu, ọ̀lẹ ni. Pé ọmọ tí ó bá tọ́ka sí àṣìṣe àgbà, aláfojúdi ni. A mú ìbọ̀wọ̀, ohun tí ó dára jù lọ nínú ẹ̀kọ́ ilé wa, a fi dí ẹnu ẹni tí ojú rẹ̀ súnmọ́ ewu jù lọ. Àwọn tí ó ni àṣà náà kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọgbọ́n ọmọdé bá wà nínú ohun tí a fi dá Ifẹ̀, ta ni ọ̀gá mọlémọlé tí kò fẹ́ ọgbọ́n ọmọdé lórí ilé alájà kan?

Ìlú tí ó ní ìtàn ilé kíkọ́ ni Àjàṣẹ́. A máa ń mú àlejò lọ wo mọ́sáláṣí ńlá wa tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, a máa ń fi àwọn ilé Agùdà yangàn, àwọn tí mọlémọlé àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó padà láti Brazil fi ọwọ́ wọn ṣe. A tún ń fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun yangàn, èyí tí Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ya bí igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti fìkùnlukùn. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ ilé tí ó jọ igi àpérò, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ ilé náà ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi náà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí onílé má ṣe fa ìlà gba orí owó pẹpẹ mọ́. Kí ó kọ ọ́ sí òkè ìwé, ṣáájú sìmẹ́ńtì. Kí ọ̀gá yẹ pákó, okùn àti àkàbà wò ní àràárọ̀, níṣojú gbogbo ọmọ, bí ẹni tí ń gun ọ̀pẹ ti ń yẹ igbà wò, kí ó sì bi ọmọ tí ó kéré jù lọ léèrè pé: «Kí ni o rí?» Ọmọ tí ó bá sọ pé pákó ń dún, kí a yìn ín, kí a sì pààrọ̀ pákó náà kí ẹnikẹ́ni tó gun un. Kí àwọn àlùfáà àti àwọn ààfáà wa tí a ń pè wá sí ibi ìpìlẹ̀ ilé kọ̀ láti gbàdúrà títí wọn yóò fi rí bàtà ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Kí ẹgbẹ́ wa ra pákó àti ọ̀pá kí ọdún yìí tó parí. Èmi yóò san 65,000 sẹ́fà àkọ́kọ́, gbèsè ni mo jẹ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún pè mí síbi ìṣílé, n ó wá, n ó sì wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹun, n ó bi onílé léèrè nísojú àwọn àlejò pé: «Ta ni ó farapa níhìn-ín, níbo ni ó sì wà lónìí?» Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ó bá kan ilé tèmi, kí ẹ bi èmi náà. Ìlẹ̀kùn ẹlẹ́yẹ méjì náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè fi mọ ilé náà.